Ṣé abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà lè mú másùnmáwo rọlẹ̀ lóòótọ́?

Àdùkẹ́ Onísìirò béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Tí oṣù bá ti ń parí lọ, oorun mi máa ń dàrú. Màá sùn lọ o, àmọ́ tó bá di ọ̀gànjọ́, màá ta jí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, màá sì ti fún eyín pọ̀ débi pé àgbọ̀n á máa ro mí títí di ọ̀sán. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó yẹ ọkàn mi wò, ó ní kò sí àrùn kankan níbẹ̀, pé másùnmáwo ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n lọ gba acupuncture, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí àwọn ará Ṣáínà ń gún sára. Ó ní orí ibùsùn tí wọ́n ti ń ṣe é fún òun gan-an lòun ti máa ń sùn lọ. Ọkọ mi ní ìgbàgbọ́ ló ń ṣiṣẹ́, pé abẹ́rẹ́ kọ́. Kí ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ẹsẹ̀ fẹ́ ṣe fún àyà tó ń já? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ sì tún ń bà mí.

Bàbá Kékeré fèsì:

Mo ti gbà á rí nítorí orí fífọ́. Kò dun ẹni bí ẹ ṣe rò ó. Ẹ má ṣáà fi ebi lọ, ẹ má sì yára dìde tí wọ́n bá ṣe tán, torí òòyì lè kọ́ yín.

Ìyá Fisiothẹ́rápì fèsì:

Àdùkẹ́, ẹ kú ìfaradà. Fisiothẹ́rápì ni iṣẹ́ mi, mo sì kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí kún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jí yín lóru. Tí ọpọlọ bá rí ewu, ìbáà jẹ́ ejò, ìbáà jẹ́ ìwé ìṣirò tí ọ̀gá fẹ́ rí lọ́la, ọ̀nà méjì ló ń gbà ránṣẹ́ sí ara. Èyí àkọ́kọ́ yára: iṣan ìmọ̀lára á ta ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín jí, wọ́n á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àyà máa lù. Èkejì ń fẹsẹ̀ falẹ̀: hypothalamus nínú ọpọlọ á ránṣẹ́ sí pituitary, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, pituitary á fi họ́mọ̀nù ACTH ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín kan náà, wọ́n á sì tú cortisol, họ́mọ̀nù másùnmáwo, jáde. Cortisol kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ló ń bá wa dìde láàárọ̀, nǹkan bí ìgbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló sì máa ń pọ̀ jù lọ. Wàhálà dé nígbà tí ara kò bá rí àyè padà sí ìsinmi. Vagus ni iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ ìdápadà yẹn, ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọkàn àti ikùn.

Ó kan ẹsẹ̀ tí ẹ béèrè. Ibì kan wà tá a ń pè ní Zusanli, ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ orúnkún, ní ẹ̀gbẹ́ òde egungun ojúgun. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà gbé àwọn eku kan sínú òtútù kí másùnmáwo lè mú wọn. Họ́mọ̀nù másùnmáwo wọn lọ sókè. Àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gún ní Zusanli, tí wọ́n sì gba iná mànàmáná díẹ̀ gba ara abẹ́rẹ́ náà, tiwọn kò lọ sókè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gún níbòmíràn kò rí irú ààbò yẹn. Nígbà tó di 2021, Qiufu Ma àti ikọ̀ rẹ̀ ní Harvard tọpasẹ̀ ọ̀nà náà nínú ara èkúté: irú iṣan ìmọ̀lára kan tó wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á ta vagus jí, vagus á kàn sí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, ara wíwú láti inú á sì dín kù. Nígbà tí wọ́n gún ikùn, kò rí bẹ́ẹ̀, torí irú iṣan yẹn kò sí níbẹ̀ bó ṣe wà nínú ẹsẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn gan-an, torí ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé ibi tó bá wù wá la lè gún.

Àmọ́ eku àti èkúté ni wọ́n o. Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ yín jù nínú ènìyàn ni ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2013 bákan náà, lórí ènìyàn 755 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tó rí olùdámọ̀ràn bá sọ̀rọ̀ sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Láàárín abẹ́rẹ́ àti ìdámọ̀ràn, kò sí ìyàtọ̀ gidi.

Lánre fèsì:

Ẹ ṣé, mà. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyókù fún wọn. Ní Jámánì, èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní 2007 lórí ẹ̀yìn ríro, ènìyàn 1,162 ló wà níbẹ̀. Ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi ló sàn. Àwọn tí wọ́n kàn gún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ níbi tí kì í ṣe ojú ibi tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yàn ńkọ́? Ìdá 44.2. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Kí wá ni ìwúlò Zusanli?

Ìyá Fisiothẹ́rápì fèsì:

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Àmọ́ ka ìlà kẹta pẹ̀lú: àwọn tó gba ìtọ́jú tí dókítà mọ̀, ìyẹn oògùn àti eré ìdárayá, ìdá 27.4 péré ló sàn. Nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn tí kì í ṣe orí abẹ́rẹ́ nìkan ló wà.

Ted Kaptchuk, olùwádìí ní Harvard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí nǹkan yẹn ní 2008. Àwọn 262 tí inú ń yọ lẹ́nu ni wọ́n lò. Àwọn tó kàn ń dúró de ìtọ́jú, ìdá 28 ló rí ìtura tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ayédèrú, èyí tó jọ pé ó gún wọn àmọ́ tí kò wọ ara, láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀, 44. Àwọn tó gba ayédèrú kan náà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó, tó fetí sílẹ̀, tó fi ọ̀yàyà bá wọn sọ̀rọ̀, 62.

Tó bá jẹ́ egungun ló ṣẹ́, n kò ní ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n kí ló ń pa másùnmáwo? Kí ọpọlọ gbà pé ewu ti lọ ni. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ní yàrá tó pa rọ́rọ́, tí ẹnì kan bi í bí oorun rẹ̀ ṣe rí tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn, ara rẹ̀ ti ń gba ìròyìn yẹn. Abẹ́rẹ́ ń fi tiẹ̀ kún un láti ọ̀dọ̀ iṣan. N kò rí ìdí tí a ó fi máa ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún irú ẹni bíi Àdùkẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń wá bá mi pé kí wọ́n wo ẹni tó ń gún wọn dáadáa ju ibi tó ń gún lọ. Ẹni tó bá gún yín tán tó sá jáde láìbi yín ní nǹkan kan, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àdùkẹ́ Onísìirò fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọkọ mi ti ka èyí, ó ní òun á bá mi lọ. Ṣé ewu kankan wà níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi tún sọ̀rọ̀ nípa èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí.

Ìyá Fisiothẹ́rápì fèsì:

Kí abẹ́rẹ́ jẹ́ tuntun, kí wọ́n já a nínú ọ̀rá lójú yín, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn náà. Ara lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí kó dúdú níbi tí wọ́n gún. Ewu ńlá kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó wà: ẹni tí kò mọṣẹ́ lè gún àyà tàbí èjìká jìn débi tí á kan ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ti ọkàn lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ gba èyí tó ní iná mànàmáná. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà eyín wo àgbọ̀n yẹn, torí eyín fífún lóru máa ń jẹ eyín.

Ti etí ní ìtàn. Ní ilé ìwòsàn Lincoln ní Bronx, New York, wọ́n fi abẹ́rẹ́ etí ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró lọ́wọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ojú ibi márùn-ún ni wọ́n wá ń lò ní etí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka vagus kan sì dé inú etí. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ kò gún yín rárá, hóró kékeré ni, bébà alẹ̀mọ́ ló ń dì í mú. Ẹ̀yin tí abẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù, ẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì ṣí i kúrò tí awọ ibẹ̀ bá ń yún yín.