Àgbébọ̀ tó ń re ìyẹ́ kò tíì di ti ìsọ̀ alápatà

Ẹ kú ọ̀sìn o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àgbébọ̀ tó dáwọ́ ẹyin dúró, tí ìyẹ́ rẹ̀ wá kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ni mo ní lẹ́nu. Adìẹ rere tí wọ́n ti tìtorí èyí tà ládùúgbò wa nìkan kò kéré, ó sì máa ń dùn mí. Adìẹ tí kò ṣàìsàn, tí kò darúgbó, ni wọ́n á dì lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á wá fowó ńlá ra òmíràn tí yóò ṣe ohun kan náà fún wọn bó bá yá.

Abẹ́òkúta ni mo wà, lápá Ọbáńtokò. Adìẹ mi kò pọ̀. Àwọn pupa tí a ń pè ní adìẹ òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àkùkọ kan ṣoṣo. Ẹyin tí àwọn ọmọ yóò jẹ ni mo torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò wa ń rà.

Ẹyin ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Èyí tó pọ́n jù nínú àwọn adìẹ òyìnbó yẹn kì í fi ẹyin ṣeré. Ẹyin kan máa ń lo bíi wákàtí 25 nínú adìẹ kó tó jáde, torí náà bó bá yé láàárọ̀ òní, ó lè di ìyálẹ̀ta lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sún títí yóò fi fo ọjọ́ kan. Mo mọ ìrìn rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ, tí ooru yẹn mú wa gan-an, fífo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ogbe orí rẹ̀ tó máa ń pọ́n yòò wá ń ṣì, ó ń súnkì. Kò pẹ́ tí mo fi ń rí ìyẹ́ ọrùn lójú omi tí wọ́n ń mu. Láti orí àti ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọjá sí àyà àti ẹ̀yìn, ó kan apá, ó wá parí sí ìrù. Ìrù yẹn lọ tán pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á pè é ní òpìpí.

Bàbá kan wà ní ojúlé kejì sí wa tí àwọn náà ń sin adìẹ. Ibi tí wọ́n ti yọjú lórí ògiri ni wọ́n ti rí i.

"Ìyá Ṣadé, lúkúlúkú rèé o! Tètè wá ẹni rà á kó tó kú sí ọ lọ́rùn, kó má lọ kó ran tiwa."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ìhín, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n wá lóòótọ́. Mo gbé e, mo ní kí wọ́n wo ojú rẹ̀, ó mọ́, ó ń tàn. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní imú rẹ̀, kò sì mí gúlegúle. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, funfun díẹ̀ wà lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà. Lúkúlúkú kì í mú adìẹ kó tún máa walẹ̀ kiri. Èyí tó bá mú kò ní jẹun, á máa yàgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ lè lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ, àwọn tó kù nínú agbo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Kò lóògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan la fi ń dènà rẹ̀, mo sì ti fún gbogbo tiwa.

Lẹ́yìn náà, mo fi ọwọ́ kan ibi tó ṣe pàtàkì jù. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí àgbébọ̀, ẹ fọwọ́ wá a, ẹ ó rí i. Adìẹ tó bá ń yé, ìka méjì sí mẹ́ta á wọ àárín egungun yẹn láìfipá, ihò ìdí rẹ̀ á tóbi, á sì tutù. Ti èyí ti sún mọ́ra, ìka kan péré ló gbà, ihò ìdí náà sì ti gbẹ, ó ti kéré. Ìyẹn ni pé ilé ẹyin rẹ̀ ti súnkì, ó ń sinmi. Mo wá tú ìyẹ́ tó ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀ yà, mo ní kí Bàbá wo awọ ara. Ìyẹ́ tuntun ti tò síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó rí ṣóńṣó, ó dúdú nísàlẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, èèpo funfun ló bo orí rẹ̀, èèpo náà sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ́ ṣe ń tẹ́ jáde. Mo fi ìka fọwọ́ bà á pẹ́ẹ́, adìẹ náà lọgun. Ó ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí n kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé adìẹ ní irú àsìkò yìí.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Áà, àwọn àgbà ṣá ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."

Kì í ṣe gbogbo ìyẹ́ tó bá bọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ rí báyìí o. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan àti ìpàkọ́ ló pá, àkùkọ ló ń gùn ún ní àgùnjù. Bó bá jẹ́ àyà nìkan, tó sì jókòó sórí ẹyin tí kò fẹ́ dìde, ó ń sàba ni, òun fúnra rẹ̀ ló tu ìyẹ́ náà kí ẹyin lè rí ooru ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí ló pá, tí ibẹ̀ pupa, ẹ wo ìdí ìyẹ́ tó kù dáadáa, kòkòrò iná ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹyin iná yóò so mọ́ ìyẹ́ ní ṣùkùṣùkù. Adìẹ elèyí nílò oògùn iná àti eérú tí yóò máa gbo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí mò ń sọ ní tèmi máa ń gba gbogbo ara, ìyẹ́ tuntun sì máa ń lé ti àtijọ́ jáde ni.

Ohun tó fa á tí ẹyin fi ń dúró kò le láti yé ẹni. Ìyẹ́ kò ju purotéènì lọ, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Purotéènì yìí náà ni adìẹ fi ń ṣe ẹyin. Oúnjẹ kan ṣoṣo tó ń jẹ kò lè tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ara á sì kọ́kọ́ tọ́jú ara rẹ̀. Adìẹ òyìnbó tó bá ti pé bí ọdún kan àtààbọ̀ láyé, ẹ máa retí rẹ̀, á sì tún máa ṣe é lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nìyí. Adìẹ pupa mi yẹn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ìyẹ́ rẹ̀ fi lọ tán, ìrísí rẹ̀ burú débi pé àlejò tó wá kí wa ń ṣàánú rẹ̀. Òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é, ìyẹ́ kan lónìí, òmíràn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ṣì lẹ́wà. Gbogbo ẹni tó wọ ẹ̀yìnkùlé mi ló ń sọ pé kí n ta ti àkọ́kọ́, kí n fi èkejì sílẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló yẹ. Ẹ na apá adìẹ, ẹ ka ìyẹ́ ńlá tó wà láti àárín apá lọ sí ṣóńṣó rẹ̀, 10 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Adìẹ tó ń yé dáadáa máa ń já wọn sílẹ̀ ní méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn á sì hù papọ̀. Ó lè parí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan lè lo oṣù mẹ́fà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ yín ló sì ń jẹ ní gbogbo àkókò náà. Torí náà, èyí tí ojú ń kọ̀ gan-an ló máa ń jẹ́ olówó yín.

Ní ti oúnjẹ, layers mash tí a ń rà máa ń ní purotéènì bíi 16 tàbí 17 nínú 100, ó dára fún adìẹ tó ń yé, àmọ́ mo máa ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ìyẹ́ bá ń re. Kúlíkúlí tí mo lọ̀ kúnná ni mo máa ń bù sí i, kí ẹ ṣáà rí i dájú pé kò bu, torí kúlíkúlí tó bu lè pa adìẹ. Ẹ̀wà sóyà náà dára, ẹ yan án kó jinná kí ẹ tó lọ̀ ọ́, tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú wọn. Orí ẹja gbígbẹ àti edé tí kò ṣeé sè mọ́ tún ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ á tún wú ikán wá látinú igi tó ti jẹrà, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa du ú! Àgbàdo ni mo dín kù, nítorí ó ń mú wọn sanra ni, kò fi bẹ́ẹ̀ hu ìyẹ́. Ìkarahun tí mo fọ́, mo gbé e sínú abọ́ lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lára wọn á lọ sà á. Omi tútù sì ni lọ́sàn-án, lábẹ́ ìbòòji.

Mo ya adìẹ náà sọ́tọ̀ díẹ̀, inú àgò kan tí àwọn tó kù ṣì ń rí i látìta. Ìyẹ́ tuntun bá ya, ẹ̀jẹ̀ á jáde, àwọn yòókù rí pupa báyìí, wọ́n á máa ṣá a lẹ́nu títí yóò fi di egbò. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣá pa nílé ẹlòmíràn.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n febi pa wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, kí n sì gba omi lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn á re ìyẹ́ pọ̀, wọn á tètè padà. Àwọn oko ńlá ti ń ṣe irú rẹ̀ látijọ́, lóòótọ́. Mi ò lè ṣe é. Adìẹ tí a gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ooru Abẹ́òkúta ìyà gidi ló ń jẹ, òmíràn nínú wọn kò sì ní là á já. Àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) sómi fún adìẹ tí ara rẹ̀ le náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Kò kan ìyẹ́ rárá, ọmọ yín ló máa jẹ oògùn náà nínú ẹyin. Bí ìgbẹ́ bá yí padà tàbí tó kọ oúnjẹ, dókítà ẹran ni ká pè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń sin díẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn. Nígbà tí mo sọ tèmi fún wọn lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò mi, tèmi kì í re lọ́kọ̀ọ̀kan ní tiwọn o. Bó bá ti ń di oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yìnkùlé á dà bíi pé a ya ìrọ̀rí." Ọ̀rọ̀ oòrùn ló fà á. Lọ́hùn-ún, ojúmọ́ máa ń gùn ju wákàtí 16 lọ nínú oṣù kẹfà, nígbà tó bá di oṣù kejìlá kò ní pé 8. Ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 lójúmọ́ ló dára jù fún adìẹ tó ń yé, nígbà tí ojúmọ́ bá sì ń kúrú, ara wọn á gbọ́ ọ pa pọ̀, ìyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í re. Níbí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ooru, lẹ́yìn àìtó omi, lẹ́yìn tí a kó wọn láti ibì kan síbòmíràn. Ní ti àwọn ìbílẹ̀ mi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa, tí wọ́n sì ti tọ́ ọmọ dàgbà díẹ̀ ló máa ń dé, ẹyin tiwọn kò sì pọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ì bá fi pariwo.

Adìẹ pupa náà padà. Ogbe rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lúgọ̀ yí ibi ìyé ká, tó ń ké kẹ́kẹ́. Ẹyin rẹ̀ tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èèpo rẹ̀ le dáadáa, kò fọ́ lápò ọmọ tó sáré gbé e wọlé. Kò pọ̀ tó ti ọdún àkọ́kọ́, kò sì ní pọ̀ tó o mọ́, ìyẹn la gbọ́dọ̀ gbà. Bàbá ojúlé kejì wá ń fọwọ́ wọn egungun ìdí adìẹ tiwọn fúnra wọn báyìí kí wọ́n tó dá a sọ́jà.

Ohun kan ni mo ṣì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹni tó bá ń sin abọ́lọ́rùn, ìyẹn adìẹ tí kì í ní ìyẹ́ lọ́rùn, tàbí àwọn tí ìyẹ́ wọn ká sẹ́yìn nínú yín, ṣé tiwọn tètè ń hù padà ju ti àwọn tó kù lọ, níwọ̀n bí ìyẹ́ wọn kò ti pọ̀? Mo fẹ́ ra díẹ̀ nínú wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.