Ìmọ̀ràn: ìwé ìtàn Gọ́tíìkì tí abàmì ẹ̀dá ti ń dárò òkú

Òǹkàwé Òru

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lórí ìtàn Gọ́tíìkì, ìyẹn ìtàn ìbẹ̀rù tí ó kún fún òkùnkùn, òkú àti abàmì. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ìkẹyìn níbi ìsìnkú mọ̀lẹ́bí mi kan, ọkùnrin tí ó le koko nígbà ayé rẹ̀, tí ó sì fi ojú àwa ọmọdé inú ilé rí màbo. Mo yìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, ó ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ni mo dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ka *Frankenstein*, ìwé tí Mary Shelley kọ, tán, mo sì bá abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀ níbi tí ó ti dúró ti òkú ẹni tí ó dá a, tí ó ń sọ̀rọ̀. Ojú ìwé díẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé wo nínú ìtàn Gọ́tíìkì ló tún ní irú rẹ̀, níbi tí abàmì ẹ̀dá ti ń dárò òkú, tàbí tí ẹnìkan ti ń dárò òun fúnra rẹ̀? Kí sì ni ẹ rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún?

Abẹ́ Fìtílà

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí a tó kọjá sí ìwé mìíràn, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí tí ẹ kà tán yìí. Inú ọkọ̀ ojú omi, láàárín yìnyín òkun àríwá, ni Victor Frankenstein, ẹni tí ó dá ẹ̀dá náà, kú sí. Ní ọ̀gànjọ́ òru, Walton tí ó ni àṣẹ ọkọ̀ náà gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá tí òkú wà. Ó wọlé, ó sì bá ẹ̀dá fìrìgbọ̀n kan tí ó tẹ̀ bo pósí, tí irun gígùn jákujàku bò ó lójú, tí ó na ọwọ́ ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ti òkú tí ó ti gbẹ láti ayébáyé. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dá yìí kò ní orúkọ. Frankenstein tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, orúkọ ẹni tí ó dá a ni. Síbẹ̀, aláìlórúkọ yìí ni ó pe òkú ní orúkọ, tí ó pè é ní ọlọ́kàn rere, tí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ etí tí kò gbọ́ mọ́, tí ó sì jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ni ikú náà ti wá. Walton kà á sí àgàbàgebè. Lójú tèmi, Walton ṣì í pátápátá, nítorí pé ẹni tí ó jẹ̀bi lè sunkún tọkàntọkàn.

Nígbà tí ó parí ti òkú, ó bẹ̀rẹ̀ ti ara rẹ̀. Ta ni ìbá tún bá a sọ ọ́? Ó ní òun yóò to igi jọ ní ìpẹ̀kun àríwá, òun yóò sì dáná sun ara òun. Ó bẹ́ gba ojú fèrèsé sórí yìnyín, ìgbì gbé e lọ, òkùnkùn sì bò ó. A kò rí i kí ó kú.

Ìyá Oníwèé

Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1797 ni wọ́n bí Mary Shelley. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ìyá rẹ̀, Mary Wollstonecraft, ti kú. Ní ọdún 1798, bàbá rẹ̀, William Godwin, tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbésí ayé olóògbé, kò sì fi nǹkan kan bò. Ó sọ ti ọmọ tí obìnrin náà bí láìṣègbéyàwó, ó sọ ti ìgbà tí obìnrin náà gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ìfẹ́ ni Godwin fi kọ ọ́, àmọ́ ìwé yẹn gan-an ni àwọn ọ̀tá fi ba orúkọ obìnrin náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, Òǹkàwé Òru, ẹ má yára dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kò tú gbogbo àṣírí síta lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1815, àkọ́bí Mary, tí oṣù rẹ̀ kò pé kí ó tó bí i, kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàárín oṣù kan náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun lá àlá pé ọmọ náà tún yè: òtútù lásán ló mú un, àwọn fi ọwọ́ ra á lára níwájú iná, ó sì jí. Nígbà tí Mary la ojú, kò sí ọmọ. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn òkú tí ó dìde.

Èyí tí mo dábàá fún yín ni *Dracula* tí Bram Stoker tẹ̀ jáde ní ọdún 1897, pàápàá orí 25. Níbẹ̀, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mina, tí Dracula, òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀, ti kó èérí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá, bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó ka àdúrà ìsìnkú sí òun létí nígbà tí òun ṣì wà láàyè, nítorí pé yóò tu òun nínú, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ọkọ rẹ̀ sì kà á. Obìnrin yìí kan náà ló ti sọ fún àwọn tí ń dọdẹ Dracula pé ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń lé yẹn ló ṣeni láàánú jù lọ. Nígbà tí ọ̀bẹ ba Dracula tán tí ara rẹ̀ sì ń di eruku, Mina ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àlàáfíà lójú rẹ̀.

Aláìfẹ́gùn

Èmi kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn lórí òkú. Ẹ ka *Le Fantôme de l'Opéra*, ìtàn tí Gaston Leroux kọ nípa Erik, abàmì ọkùnrin tí ń gbé abẹ́ ilé eré opera ní Paris, tí ó di ìwé ní ọdún 1910. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò jẹ́ kí ó fi ẹnu ko òun lẹ́nu rí. Nígbà tí ó kú, ìkéde tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: Erik ti kú. Kò sí oyè, kò sí ọjọ́ orí, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó fi sáyé lọ.

Ti Victor Hugo náà wà, *Notre-Dame de Paris* ti ọdún 1831. Láti orí ilé ìjọsìn, Quasimodo, abuké tí ń lu agogo ibẹ̀, wo ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn tí wọ́n yẹgi fún lókèèrè, ó tún wo òkú Frollo, àlùfáà tí ó tọ́ ọ dàgbà, nílẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan péré, pé gbogbo ohun tí òun fẹ́ràn rí nìyẹn. Ẹ rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló ti Frollo ṣubú láti òkè.

Olófìn-ín-tótó

Ẹ jọ̀wọ́, Quasimodo kì í ṣe abàmì ẹ̀dá. Ènìyàn tí ojú rẹ̀ burẹ́wà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé nǹkan méjì ni a ń pa pọ̀. Ìyìn yàtọ̀ sí ìdárò. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, *eulogia*, ọ̀rọ̀ rere ni ó túmọ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń yin òkú ń sọ ohun tí òkú jẹ́. Ẹni tí ń dárò ń sọ ibi tí òfò náà ti bá òun. A lè dárò ẹni tí a kò lè yìn, ohun tí ẹ̀dá Frankenstein ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ wo *Carmilla* tí Sheridan Le Fanu kọ, tí ó jáde nínú ìwé ní ọdún 1872, ìwé kékeré tí a lè kà tán ní ìjókòó kan. Laura, ọmọbìnrin tí ń sọ ìtàn náà, mọ̀ dájúdájú pé òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ni Carmilla, ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ni ó ń mu, wọ́n sì ti pa á. Síbẹ̀, ní ìparí ìtàn, ó ṣì máa ń ṣe é bíi pé òun gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Kò sí ìyìn kankan níbẹ̀.

Òǹkàwé Òru

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ti ìṣísẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló bá mi jù. Títí di òní, tí kọ́kọ́rọ́ bá dún nínú ilẹ̀kùn, mo máa ń na ẹ̀yìn ró gbọnrangandan kí n tó rántí pé kì í ṣe òun. Kò sí ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ tí mo kà níbi ìsìnkú, n kò sì mọ̀ bóyá mo lè sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Oníwèé ti kìlọ̀. *Carmilla* ni n ó kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ti Erik. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ní oríṣi *Frankenstein* méjì ló wà. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí mo kà?

Abẹ́ Fìtílà

Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1818 kò gbé orúkọ òǹkọ̀wé. Mary tún un ṣe fún àtẹ̀jáde ti ọdún 1831. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí ẹ wo Elizabeth, ìyàwó àfẹ́sọ́nà Victor. Tí ó bá jẹ́ ìbátan rẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ti 1818 lẹ kà. Tí ó bá jẹ́ ọmọ òrukàn tí ìyá Victor rí lọ́dọ̀ àwọn tálákà tí ó sì gbà tọ́, ti 1831 ni. Ní ti ìran tó wà nínú ọkọ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan.