Ọmọ mi kì í rẹ́rìn-ín mọ́ lálẹ́: ṣé kí n sun ìwé yìí ni?

Ìyá Bọ́lá: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Àbúrò ọkọ mi gbé ìwé ìtàn kan wá, Annihilation ti Jeff VanderMeer, ó gbé e sórí tábìlì láìbéèrè. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó gbé àáyọ́ọ̀nù mi lọ, kò dá a padà. Látìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú ọmọ mi á le koko, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sunkún. Bí mo bá fìka rìn ín níhà, á fọwọ́ méjèèjì bojú. Kàtúùnù nìkan ló ń wò, Avatar: The Last Airbender, ti ọmọdé sì nìyẹn. Ṣé kí n sun ìwé náà ni?

Alákàwé: Ọmọ ọdún mélòó? Ìwé yẹn kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Obìnrin mẹ́rin wọ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Area X, iṣẹ́ wọn la fi mọ̀ wọ́n, wọn ò lórúkọ. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú ihò, wọ́n bá ọ̀rọ̀ lára ògiri, olú wẹ́wẹ́ tó ń hù ló di lẹ́tà. Ọ̀kan sún mọ́ ọn, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kó sí i nímú. Látibẹ̀ lọ, èèyàn ò mọ̀ bóyá ohun tí obìnrin náà rí ṣeé gbà gbọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má sun ún o. Òun àti méjì tó tẹ̀ lé e jáde ní 2014, ìkẹrin dé ní 2024. Ẹ dá a padà fólówó rẹ̀.

Ìyá Bọ́lá: Èmi ò bèèrè ọdún tó jáde. Ẹni tó gbé e wá ni kẹ́ ẹ bá wí.

Alákàwé: Ọmọ ọdún mélòó, ẹ̀yin ìyá yìí?

Àjàní: Ẹ dúró ná. Ojú tó ń le koko yẹn, Koh ni, ẹ̀mí kan nínú kàtúùnù yẹn tó ń jí ojú èèyàn gbé. Ó wà ní ìpín 20 Ìwé Kìíní (Ìwé ni wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan kàtúùnù náà). Ara rẹ̀ gùn bí ọ̀kùn, inú ihò ló wà, bí ó bá ti ṣẹ́jú ni ojú mìíràn ń yọ. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tàbí bẹ̀rù níwájú rẹ̀, á gba ojú onítọ̀hún lọ. Ọmọ yín ń dáàbò bo ojú rẹ̀ ni.

Ìyá Bọ́lá: Ọmọ ọdún méje ni. Ó wò ó parí dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo wà ní ilé ìdáná. Ìwé náà… kò ṣí i rí. Èmi ni mò ń kà á lálẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo rò pé òun náà ti kà á.

Alákàwé: Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!

Àjàní: Ẹ bá a wò ó lọ́sàn-án, kó jókòó tì yín. Ẹ dá a dúró níbi tí Aang, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ti ń wọ ihò Koh, kẹ́ ẹ sọ fún un pé á jáde tojú-tojú. Ẹ wá jẹ́ kó rí i bó ṣe jáde, tó lọ gbìyànjú láti gba ẹ̀mí òṣùpá àti ti òkun, tí wọ́n di ẹja, sílẹ̀. Ìwé Kejì lè tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ fo ìpín 8 Ìwé Kẹta: ìyá arúgbó kan níbẹ̀ ń darí ẹ̀jẹ̀ inú ara èèyàn, ó ń mú wọn rìn tipátipá lóṣùpá àrànmọ́jú.

Ìyá Bọ́lá: Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, 8 Ìwé Kẹta. Ọ̀la lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la ó wò ó.