Níbo ni ọwọ́ Rọ́ṣíà ti kàn yín rí? Ẹ wá sọ tẹnu yín

Àgbékẹ́_Warsaw
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá onílé mi ní Warsaw níbí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́ èdè Rọ́ṣíà dáadáa, torí ọ̀ranyàn ni wọ́n fi kọ́ wọn nílé ìwé láyé Kọ́múníìsì, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, páìpù bẹ́ nílé wa. Plọ́ńbà tó wá, ará Belarus ni, Rọ́ṣíà ló ń sọ, kò tíì gbọ́ Polish. Màmá ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un. Òun náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń fọwọ́ júwe, omi ń dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé nílùú tí Moscow ti pàṣẹ lé lórí rí, kí lojú yín rí?

Káṣìmáawòó
Ilé ì báà rì, màmá ò ní sọ ọ́. Mo gba tiwọn.

Dókítà_Wálé
Kharkiv, ní Ukraine, ni mo ti ka ìmọ̀ ìṣègùn. Ní podfak, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àlejò lédè, Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ́ wa. Òun la fi ń nájà, òun la fi ń bẹ ọlọ́pàá. Ti Ukrainian, àfi lára pátákó ìjọba. Mo wá lọ sí Lviv, lápá ìwọ̀ oòrùn Ukraine, lọ́jọ́ kan, mo fi Rọ́ṣíà tó dán béèrè kọfí. Ọmọbìnrin tó ń tajà fi Ukrainian dá mi lóhùn. Mo tún un sọ, Ukrainian náà ló tún fi dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín o. Bàbá kan lẹ́yìn mi ló rọra sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, sọ Gẹ̀ẹ́sì, wàá tètè rí kọfí mu."

Láti January 2021 ni òfin ti ní kí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa fi Ukrainian dá oníbàárà lóhùn. Ní Kharkiv, wọ́n á fi Ukrainian kí ẹ tán, wọ́n á fi Rọ́ṣíà bá ẹ dúnàá dúrà. Ọ̀gá kan tó kọ́ mi ní wọ́ọ̀dù máa ń fi òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. 2022 dé, wọ́n ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé Kharkiv lórí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ Rọ́ṣíà gan-an ni Putin lóun wá gbà sílẹ̀. Ọ̀gá yẹn kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Ukrainian ni látòkè délẹ̀. Google ló bá mi túmọ̀ ẹ̀.

Ìyá_Ṣọlá
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Dókítà. Ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀ nígbà náà. Ohun tójú ẹ̀ rí ní bọ́dà, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Dókítà_Wálé
Gbogbo wa la jọ rí i, mà.

Bàbá_Táyé
Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tiẹ̀. Moscow ni mo ti kàwé, ní fásitì Lumumba, láyé Brezhnev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi ò san kọ́bọ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù òtútù, wọ́n fún wa lówó oúnjẹ. 1960 ni wọ́n dá fásitì yẹn sílẹ̀ nítorí irú àwa ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì fọ́, wọ́n yọ orúkọ Lumumba kúrò ní 1992. Ní 2023 tí wọ́n tún ń wá ojúure Áfíríkà, wọ́n dá a padà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé ká padà wálé wá gbé ìjọba lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí mo mọ̀, kọntirakítọ̀ ni wọ́n dà. Èmi ra ilẹ̀ n'Ìbàdàn.

Káṣìmáawòó
Kọ́múníìsì onílẹ̀!

Bàbá_Táyé
Ṣé kí n máa háyà yàrá títí Marx á fi dé ni?

Ọmọ_Ajàókúta
Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Láti 1979 tí wọ́n ti bá Sófíẹ́ẹ̀tì tọwọ́ bọ̀wé lórí iléeṣẹ́ irin wa ni àwọn oyìnbó yẹn ti ń wọ́ wá. Àwa ọmọ kékeré mọ èébú wọn ju ìkíni wọn lọ. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan láàárín wọn, "Misha Rọ́ṣíà" là ń pè é. Ní 2022 ni wọ́n rí i lórí Facebook tó ń sunkún nítorí Dnipro, ìlú rẹ̀. Ará Ukraine ni látìbẹ̀rẹ̀. Lójú wa nígbà náà, Rọ́ṣíà ni gbogbo wọn.

Káṣìmáawòó
Irin náà ńkọ́?

Ọmọ_Ajàókúta
Irin wo?

Ṣadé_Lẹ́kí
Ẹ̀ ń bú Rọ́ṣíà. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Nílé ìwé ọmọ mi, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá.

Dókítà_Wálé
Kò jọra, àǹtí. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ǹbù lu Lẹ́kí pé òun wá gba àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀.

Káṣìmáawòó
Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní 1851, ẹ̀gbọ́n. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti yìn ín.

Dókítà_Wálé
Mo gbà. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe nítorí èdè.

Ṣadé_Lẹ́kí
Èdè ló gbẹ̀yìn ẹ̀ ṣá.

Adé_Tbilisi
Georgia ni tèmi. Ní 1978, Moscow fẹ́ kí wọ́n yọ èdè Georgia kúrò nínú òfin gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sígboro Tbilisi ní April 14, Moscow sì fà sẹ́yìn. Dírẹ́bà takisí kan ló sọ ọ́ fún mi, Rọ́ṣíà ló sì fi sọ ọ́, torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Georgia, Rọ́ṣíà díẹ̀ tí mo kọ́ ní Minsk, ní Belarus, la jọ ń lò. Ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú, kò gbọ́ Rọ́ṣíà rárá, Gẹ̀ẹ́sì lòun gbọ́. Bàbá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń yíjú sí mi pé kí ni bàbá òun ń wí.

Àgbékẹ́_Warsaw
Ìwọ àlejò lo wá di ògbufọ̀ láàárín bàbá àti ọmọ!

Ọmọ_Ifá
Ní Matanzas, ní Kúbà, babaláwo tó gbà mí lálejò, Vladimir lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ń jẹ́ Yuri. Sófíẹ́ẹ̀tì ni Vladimir ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Orin Lukumí, ìyẹn Yorùbá ti Kúbà, tó ń kọ fún Ṣàngó sún mọ́ tiwa débi pé mò ń bá a gbè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lada ẹ̀, mọ́tò Sófíẹ́ẹ̀tì, kọ̀ tí kò ṣíṣẹ́, Rọ́ṣíà ló fi ṣẹ́ èpè fún un. Ó ní mọ́tò náà ò gbọ́ èdè míì.

Káṣìmáawòó
Irọ́ ni! Babaláwo Vladimir?

Ọmọ_Ifá
Lọ sí Kúbà, kó o lọ bi í.

Tọ́pẹ́_B
Osaze Odemwingie, agbábọ́ọ̀lù wa, ńkọ́? Tashkent, ní Sófíẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bí i, 1981.

Alájàpá_Niamey
Mò ń tajà ní Niamey, ní Niger. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní July 2023, àsíá Rọ́ṣíà kún ìgboro. Ọmọ tó ń ta epo níwájú ṣọ́ọ̀bù mi so ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́. Mo bi í bóyá ó ti rí ará Rọ́ṣíà kankan rí. Ó ní rárá. Kí ló wá fẹ́ràn lára wọn? Ó ní wọn kì í ṣe Faransé.

Bàbá_Táyé
Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ní 1967, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kọ̀ láti ta ọkọ̀ òfuurufú ogun fún Gowon, Moscow ló tà á fún wa.

Ìyá_Ṣọlá
Títà lẹ wí, bàbá. Ẹ ò ní wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Ti Kano ní August 2024 ńkọ́? Télọ̀ tó rán àsíá Rọ́ṣíà ni DSS kó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá fún un, ta ló rí i?

Káṣìmáawòó
Télọ̀ fẹ́ jẹun ni. Ká ní ti Jàpáànù ni wọ́n gbé wá, inú ẹ̀ ì bá tiẹ̀ dùn jù, rìbìtì kan péré ni.

Tọ́pẹ́_B
Ẹ jọ̀ọ́, sìkọ́láṣíìpù Rọ́ṣíà ti ọdún yìí, ṣé ó ti jáde?

Dókítà_Wálé
Ṣé o ka ohun tá a kọ sókè?

Tọ́pẹ́_B
Mo kà á, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ọ̀fẹ́ ṣì ni?

Ìyá_Ṣọlá
Bó bá jẹ́ Alabuga ni wọ́n dárúkọ fún ẹ, sá. Dróònù ogun ni wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin Áfíríkà lọ tò níbẹ̀.

Tọ́pẹ́_B
Rárá o mà. Ti fásitì ni mò ń wá.

Bàbá_Táyé
Tọ́pẹ́, kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀.