Ilé-ẹ̀kọ́ orin Leipzig: ìrírí àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá

Owó ogún ló dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Heinrich Blümner, adájọ́ ní Leipzig, kú ní 1839, ó sì fi 20,000 thaler, owó ilẹ̀ Jámánì ìgbà náà, sílẹ̀ fún ọba Saxony, ilẹ̀ tí Leipzig wà, pé kó ná an sórí iṣẹ́ ọnà tàbí ìmọ̀. Felix Mendelssohn, akọrin-sílẹ̀ tó ń darí àwọn olórin Gewandhaus, gbọ̀ngàn orin ìlú náà, ló bẹ ọba pé kí wọ́n fi owó náà dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Leipzig. Wọ́n ṣí i ní 2 April 1843, nínú àgbàlá Gewandhaus. Àkọ́kọ́ ní Jámánì ni wọ́n sábà ń pè é. Àwọn ará Würzburg, ìlú Jámánì mìíràn, kò ní gbà: tiwọn ti wà ṣáájú.

—

Ẹ jẹ́ n fi ti owó ilé-ẹ̀kọ́ kún un: 80 thaler lọ́dún ni nígbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba obìnrin. Láyé ìgbà náà, wọn kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n á jókòó pọ̀, ẹnìkan á tẹ dùùrù, olùkọ́ á tún un ṣe, ó kan ẹlòmíràn. Mendelssohn gbà pé báyìí ni wọ́n á ṣe máa ta ara wọn jí. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

—

Ẹ wo Edvard Grieg, tó padà di gbajúmọ̀ akọrin-sílẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó ti Norway dé ní 1858. Louis Plaidy ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù: orin ìdánrawò Czerny, Kuhlau àti Clementi ṣáá. Ó sú u, ó lọ bá Schleinitz, ọ̀gá àgbà, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Wenzel, olùkọ́ dùùrù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ akọrin-sílẹ̀ Robert Schumann. Lọ́dọ̀ Richter, tó ń kọ́ wọn bí ohùn ṣe ń bá ara wọn mu, wọ́n á fún un ní ohùn ìsàlẹ̀ kó kọ àwọn yòókù lé e; èyí tó dùn mọ́ ọn ló ń kọ, kì í ṣe èyí tí òfin wí. Ti Reinecke, olùkọ́ orin kíkọ sílẹ̀, ló burú jù lójú tèmi: ó ní kó kọ orin fún violin méjì, viola àti cello, lẹ́yìn náà kó kọ overture (orin ìṣíde) fún odidi ọ̀kẹ́sítírà, láìtíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé fún irinṣẹ́ wọ̀nyẹn. Overture náà há sí agbede méjì.

—

Òótọ́ ni, àmọ́ Gewandhaus wà nítòsí. Ibẹ̀ ni Grieg ti gbọ́ Clara Schumann tó ń tẹ dùùrù nínú kọ́ńsátò tí Robert ọkọ rẹ̀ kọ fún dùùrù àti ọ̀kẹ́sítírà ní ohùn A minor. Kọ́ńsátò tí Grieg náà kọ ní 1868, A minor kan náà ni. Kò sí kíláàsì tó lè fún un níyẹn.

Ohun tó mú ibẹ̀ le ni pé Mendelssohn kú ní November 1847, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni níbẹ̀, bíi David, Hauptmann àti Moscheles, sì di ìlànà rẹ̀ mú gírí. Ethel Smyth, akọrin-sílẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1877, ọdún kan ló lò kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Herzogenberg níta ilé-ẹ̀kọ́ náà. Janáček, akọrin-sílẹ̀ ọmọ Czech, dé ní October 1879, kò pé oṣù mẹ́fà tó fi kọrí sí Vienna.

—

Ilé tó wà ní Grassistraße 8 ti 1887 ni, Hugo Licht ló yàwòrán rẹ̀. Ní 1936 àwọn Nazi wó ère Mendelssohn tó wà níwájú Gewandhaus, torí pé Júù ni ìdílé rẹ̀. 1972 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.