Fístúlà ọwọ́ àti ìfúnpá gíga inú ẹ̀dọ̀fóró: ṣé dídì ló kàn?

Nọ́ọ̀sì Díálísísì
Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláìsàn kíndìnrín tó ní fístúlà (ibi tí wọ́n ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa rí ẹ̀jẹ̀ gbà) ní apá òkè, tí kì í pa díálísísì (fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀) jẹ, àmọ́ tí kò lè mí délẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí iṣan ọrùn yọ, tí echo (àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn) sì sọ pé ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró ti ga: ṣé fístúlà ni ká fura sí? Iṣan rẹ̀ ti nípọn bí àtàǹpàkò, ó sì ń kùn lábẹ́ ọwọ́ bí oyin. Ṣé kí wọ́n dì í pa ni?

Dókítà Ọkàn
Ẹ fura sí i, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n dì í. Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe echo yẹn? Bó bá jẹ́ kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ni, nígbà tí omi ọjọ́ méjì mẹ́ta ti kún ara, omi lẹ wọ̀n yẹn. Ẹ fa omi náà títí ara yóò fi dé dry weight, ìyẹn ìwọ̀n ara nígbà tí kò sí omi àpọ̀jù, kẹ́ ẹ wá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì díálísísì. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń sẹ́ padà ní fáàfù tricuspid (ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ọkàn) bá ṣì ń sáré ju mítà 2.8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kù díẹ̀ káàtó. Bó bá kọjá 3.4, ó ṣeé ṣe gan-an pé ìfúnpá náà ga lóòótọ́. Síbẹ̀ ńṣe ni echo ń fojú bù ú. Catheter (ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́) tí wọ́n tì gba inú iṣan dé apá ọ̀tún ọkàn ló ń wọ̀n ọ́n gan-an: bí ìpíndọ́gba ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró bá ju 20 mmHg lọ nígbà tí aláìsàn sinmi, ó ga nìyẹn. Òun náà ló máa fi hàn bóyá apá òsì ọkàn ló fà á.

Oníṣẹ́ Abẹ Iṣan
Fístúlà so iṣan àlọ mọ́ iṣan àbọ̀ tààrà. Ẹ̀jẹ̀ gba àbùjá padà sọ́kàn, ọkàn sì gbọ́dọ̀ ta gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan ẹ̀dọ̀fóró tó dáa á fẹ̀ láti gbà á. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn kíndìnrín, nitric oxide tó ń mú un rọ̀ máa ń dín, endothelin tó ń fún un pọ̀ á sì pọ̀ sí i, torí náà kì í lè fẹ̀ tó, ìfúnpá á sì ga.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi scan wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń gba iṣan brachial (iṣan àlọ ńlá apá òkè) kọjá. Nǹkan bíi 600 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan ti tó ẹ̀rọ lò. Bó bá ti ń sún mọ́ lítà 2, tàbí tó ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọkàn ń tú jáde, ẹjọ́ fístúlà nìyẹn. Dókítà tún lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30: bí ìlù ọkàn bá rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ pọ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, ìyẹn ò dá fístúlà láre.

Ká dín in kù ló sàn ju ká dì í pa lọ. Wọ́n á ti bàlúùnù mílímítà 4 tàbí 5 sínú rẹ̀, wọ́n á fi òwú so ó láti ìta títí á fi fún mọ́ bàlúùnù, wọ́n á sì yọ bàlúùnù. Kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ lórí tábìlì níbẹ̀; bó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Díálísísì
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé oògùn bíi sildenafil, tó ń mú iṣan ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀, kò lè ràn án lọ́wọ́ kó tó dìgbà yẹn?

Dókítà Ọkàn
Rárá, ẹ má lò ó láìṣe catheter. Bí apá òsì ọkàn bá ti le, oògùn yẹn lè sọ ẹ̀dọ̀fóró di ìkòkò omi. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, torí òun náà ń mú ọkàn sáré. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ máa fọwọ́ kan fístúlà láràárọ̀. Bí kò bá kùn mọ́, kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà gan-an.