Ọmọ mi bú kóòṣì rẹ̀ lórí Snapchat: ṣé ilé ìwé lè fìyà jẹ ẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Maryland ní Amẹ́ríkà la wà. Ilé ìwé ìjọba ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Lálẹ́ Sátidé kan, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó bú kóòṣì wọn lórí Snapchat. Kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́, ẹnìkan ti yà á sórí fóònù, ó ti fi han ilé ìwé. Wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ yìí á fi parí. (Èmi náà ti bá a wí dáadáa. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀!)

Mo ti ka ẹjọ́ Mahanoy ti Pennsylvania, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ní 2021. Ọmọ tibẹ̀ náà bú ilé ìwé rẹ̀ lórí Snapchat lọ́jọ́ Sátidé, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sì dá a láre. Àmọ́ wọ́n ní ilé ìwé ṣì lè dá sí i tó bá jẹ́ pé ìhàlẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí. Ohun tí ọmọ yìí fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni pé Ọlọ́run á fìyà jẹ kóòṣì náà. Kí n má purọ́, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Èébú lásán ni lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ ni ilé ìwé pè é.

Ẹ̀yin lọ́yà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kojú irú rẹ̀ rí, ṣé kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé ìwé àdúgbò wa, àbí kí n wá agbẹjọ́rò lọ tààrà?